Ìgbà Tí A Kò Gbọdọ̀ Fẹnu Pe Ibi Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí igbá ẹ̀kọ kan ṣoṣo ṣì ń tẹ̀ mí lọ́rùn, ìsàlẹ̀ òkè Mápó ni agboolé wa wà, lọ́nà tí a ń gbà lọ sí Ìdí Arẹrẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà láàárín ìlú Ìbàdàn mọ irú ilé tí mò ń wí. Ilé alámọ̀ gbọọrọ ni, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi pọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé bí wọ́n bá pe èèyàn láti ìpẹ̀kun kan, ó lè díbọ́n pé òun kò gbọ́. Èmi gan-an máa ń díbọ́n dáadáa. Àgbàlá wà lẹ́yìn ilé, níbi tí ewúrẹ́ àti ọmọdé ti jọ ń du ibòji ògiri lọ́sàn-án.

Ìyá mi ń ṣe ẹ̀kọ tà. Kí àwọn àgbà tó kírun àárọ̀ tán, òórùn ògì tó ń hó ti gba gbogbo agboolé. Iṣẹ́ tèmi ni ewé. Èmi ni mo ń fọ ewé eéran, tí mo ń nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àti ẹ̀yìn, tí mo sì ń tò ó sínú igbá kí ìyá mi lè fi pọ́n ẹ̀kọ. Bí ewé bá ya mọ́ mi lọ́wọ́, n ó yára jókòó lé e. Ẹ̀kọ tí kò bá dì dáadáa nínú ewé, ti àwa ọmọdé nìyẹn. A ó fi ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń jó wa lọ́wọ́, ata inú ọ̀ọ̀lẹ̀ yóò sì mú kí imú wa máa ṣomi títí a ó fi dé ilé ìwé. Mo ti jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, n kò tíì rí èyí tó dùn tó ẹ̀kọ tó kọ̀ tí kò dì yẹn.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní Ọjà'ba ni ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà. Àwọn fúnra wọn ló rán yunifọ́ọ̀mù mi àkọ́kọ́, wọ́n sì gé e pẹ̀lú ọgbọ́n télọ̀ tó mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà: apá rẹ̀ bo ìka mi, etí rẹ̀ kan ọrùn ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dàgbà bá aṣọ náà, nígbà tí mo sì bá a tán, ó ti gbó. Bàbá mi kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ó ti di rírán nìyẹn. Nígbà tí ìjọba sọ ilé ìwé di ọ̀fẹ́, tí wọ́n ní kí tọkùnrin tobìnrin lọ, bàbá mi gbà kí èmi náà lọ. Ọjọ́ tí mo wọ kíláàsì kẹrin ni wọ́n tó pè mí sídìí ẹ̀rọ, tí wọ́n sọ àdéhùn tó wà níbẹ̀ fún mi.

"Rìsíkátù, ọdọọdún ni kí o máa lọ síwájú," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí o tún kíláàsì kan kà, o ti kàwé tán nìyẹn. Kíláàsì kì í ṣe ilé ọkọ tí èèyàn ń jókòó pẹ́ sí. Àbúrò mi tó ń ránṣọ ní Òkè-Àdó ń wá ọmọ tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Kò sí ohun tó burú nínú ìránṣọ. Ìránṣọ ló bọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ilé ìwé ju oúnjẹ lọ, ẹ sì ti gbọ́ bí mo ti fẹ́ràn oúnjẹ tó. Mo fẹ́ràn òórùn ṣọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ràn agogo. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo fẹ́ràn Mísì wa, Mísì Adéoyè, ọmọ Yémẹtù, ọmọ onígbàgbọ́, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Wọ́n máa ń wọ bàtà funfun, wọ́n sì máa ń fẹsẹ̀ rìn gba Bẹẹrẹ wá sí ilé ìwé wa láìjẹ́ kí eruku pupa kan bàtà náà. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò yé mi títí dòní.

Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ wa ní ádífáàbù. Wọn kò kọ́kọ́ kọ ohunkóhun sójú pátákó. Wọ́n ní kí Làtífù, ẹni tó sanra jù ní kíláàsì, dìde kó rìn "slowly". Làtífù rìn bí ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ. Wọ́n ní kó rìn "quickly", ó gba ẹnu ọ̀nà jáde fìrì, ìdí ẹni tó ń ta súìtì bàbá dúdú la ti lọ mú un. Wọ́n ní kí èmi rẹ́rìn-ín "loudly", mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ilé ìwé fi yọjú pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́, Mísì sì ní láti bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ìwà. Ìgbà náà ni wọ́n tó wá kọ ọ́ sókè: "slow" ni ẹni náà, "slowly" ni bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní ìrù ni Òyìnbó ń so mọ́ ọ̀rọ̀ nídìí, lẹ́tà méjì péré, ọ̀rọ̀ tó jókòó yóò sì dìde máa rìn. "Fast" kò ní ìrù ní tirẹ̀. Mísì ní ó ń sáré jù, kò dúró kí wọ́n so ó. "Good" ló yà wá lẹ́nu jù, nítorí nígbà tí ó yẹ kó gba ìrù, ṣe ló pa aṣọ dà pátápátá tó ń jẹ́ "well".

A gbé ẹ̀kọ́ náà délé. Nídìí ẹ̀rọ omi, bí a ti ń to korobá, a ó máa pàṣẹ fún ara wa: gbé e "carefully", dà á "gently". Ẹni tó bá da omi sára, a ó ní ó gbé e "badly", ìyẹn sì lè di ìjà. Nínú ọkàn mi, mo máa ń rò pé tiwa dùn jù. Òyìnbó ní ìrù kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Àwa ní wéré, kíá, jẹ́jẹ́, fàà, gbàgà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dún bí ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ sọ ìyẹn fún Mísì. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì wa, yóò kúnlẹ̀, yóò gbọ́wọ́ sókè, yóò sì ka ení, èjì dé ọgọ́rùn-ún lédè Òyìnbó. Ibi tí apá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n ni bí àádọ́rin.

Lẹ́yìn ádífáàbù ni ọ́pósíìtì dé. Mísì yóò pe ọ̀rọ̀ kan, àwa yóò sì fi ohùn orin pe ìdàkejì rẹ̀ padà. Wọ́n ní "big", a ní "small". Wọ́n ní "hot", a ní "cold". Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọmọdé tó kí wọ́n fún un láyè láti máa ta ko àgbà láìjẹ ìyà. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń pọ̀ sí i: "rich" àti "poor", "strong" àti "weak", "healthy" àti "sick", títí ó fi dé orí "alive" àti "dead". A ń fi gbogbo ẹnu ké e láìro nǹkan kan.

Ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, yàrá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé, kí ohunkóhun má baà wọlé tàbí jáde láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Òwú ni wọ́n ń ran. Láti àárọ̀ ni wọn ó ti jókòó sórí ẹní, ẹsẹ̀ nínà, ìrànwú lọ́wọ́ ọ̀tún, tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kò kàwé, wọn kò sì ka ẹni tó kàwé sí ju bó ti yẹ lọ. Nínú àwọn ọmọọmọ, èmi ni wọ́n fẹ́ràn jù, èyí tó túmọ̀ sí pé èmi ni wọ́n ń rán níṣẹ́ jù.

Ọdún yẹn náà ni Ìyàwó lóyún. Ìyàwó ni gbogbo wa ń pe aya àbúrò bàbá mi. Ọdún keje rẹ̀ nílé wa nìyẹn, kò sì tíì bímọ. Ó bá mi nílé nígbà tó dé, nítorí náà kò jẹ́ pe orúkọ mi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó rán mi. Bí oyún náà ti hàn báyìí, Ìyá Àgbà kó gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì ṣòfin. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu pe ibi nínú ilé títí Ìyàwó yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Òfin náà kì í ṣe kékeré. Bí epo bá tán, a kò gbọdọ̀ sọ pé ó tán. A ó ní epo ń bọ̀. Àtùpà kò gbọdọ̀ kú, ó ń sùn ni. Nígbà tí ìkòkò omi já bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ìkòkò ti di púpọ̀. Ọkọ Ìyàwó pàápàá ṣì í sọ níjọ́ kan, wọ́n ti oko dé, wọ́n ní ebi ń pa àwọn kú lọ. Ìyá Àgbà gbé àwo kúrò níwájú wọn, kò sì padà síbẹ̀ títí wọ́n fi tún un sọ pé oúnjẹ ń wu àwọn. Àwa ọmọdé ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ìyá Àgbà máa ń wí pé ẹnu ọmọdé kò ní ìlẹ̀kùn, ohun tó bá ti jáde níbẹ̀, kíá ló ń dé ọ̀run.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti igbá ewé ní àgbàlá, mò ń nu ewé, mo sì ń kọ ọ́pósíìtì mi lórin, nítorí Mísì ti sọ pé yóò wà nínú ìdánwò ìparí ọdún, ẹni tó bá sì kùnà Òyìnbó yóò tún kíláàsì kà. Ìyá Àgbà béèrè ohun tí mò ń kọ lórin. Inú mi dùn pé wọ́n bi mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ rẹ̀. "Big" ni ńlá, "small" ni kékeré. Wọ́n mi orí. "Hot" ni ó gbóná, "cold" ni ó tutù. Wọ́n ní Òyìnbó mà gbọ́n. Mo dé orí "rich" àti "poor", ọwọ́ wọn dúró lórí ìrànwú. Mo dé orí "healthy" àti "sick", wọ́n ní aúsùbílááhì. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti gùn mí. Mo pe "alive", mo ní òun ni ààyè. Mo pe èkejì rẹ̀, mo sì túmọ̀ òun náà gbàgà, lójú Ìyàwó tó ń gbé ata bọ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ.

Ìrànwú bà mí lẹ́nu kí n tó pa á dé. Kò dùn mí púpọ̀. Ojú Ìyá Àgbà ló bà mí lẹ́rù, nítorí n kò rí ìbẹ̀rù lójú wọn rí. Wọ́n fà mí wọ yàrá, wọ́n fi omi fọ ẹnu mi, wọ́n ṣe àdúà títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Àjọkẹ́," ni wọ́n wí, oríkì mi nìyẹn, "n kò ní kí o má kàwé. Ṣùgbọ́n bí Òyìnbó bá béèrè ibi lọ́wọ́ rẹ, ire ni kí o fi dá a lóhùn. Ṣé o gbọ́? Títí Ìyàwó yóò fi sọ̀."

Mo gbọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo gbọ́ jù. Láti ọjọ́ kejì lọ, bí kíláàsì bá ń ké ọ́pósíìtì, mo ń bá wọn ké èyí tó dára. Bó bá kan èyí tó burú, mo ń la ẹnu lásán ni. Láàárín ogójì ọmọ, ta ni yóò mọ̀?

Ọjọ́ ìdánwò Òyìnbó gan-an ni Ìyàwó yàn láti rọbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, takisí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ní Yémẹtù, ìyá mi sì tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó se ẹ̀kọ láàárọ̀ yẹn, ilé wa sì dákẹ́ lọ́nà tí kò bá mi lára mu. Nígbà tí mo fẹ́ jáde lọ sílé ìwé, Ìyá Àgbà wà lórí ẹní ìkírun. Wọ́n kàn fi ìka kan kan ètè mi, wọ́n sì padà sídìí àdúà wọn.

Apá kìíní ìdánwò náà, ádífáàbù, wéré ni mo ṣe é. Mo so ìrù mọ́ gbogbo wọn nídìí, mo jẹ́ kí "fast" máa sáré rẹ̀ lọ, mo sì pa "good" láṣọ dà. Apá kejì jẹ́ ogún ọ́pósíìtì. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó burú kò yọ mí lẹ́nu: wọ́n kọ "sad", mo kọ "happy", wọ́n kọ "weak", mo kọ "strong". Ṣe ló dà bíi pé mò ń wo èèyàn sàn. Ṣùgbọ́n wọn kò ju mẹ́fà lọ. Gbogbo ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ rere tí wọ́n fẹ́ kí n bà jẹ́.

Mo wo "rich" títí. Mo mọ èsì rẹ̀, lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìka mi. Mo rántí bàbá mi nídìí ẹ̀rọ, mo rántí Òkè-Àdó, mo sì mọ̀ dájú pé bí n kò bá kọ ohun tó yẹ, ilé ìwé parí fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún rí Ìyàwó nínú takisí, tó di ọwọ́ ìyá mi mú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ó sì dá mi lójú pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, yóò bá a ní Yémẹtù kí yíǹkì tó gbẹ. Omijé ń bọ́ sórí tábìlì. Mo mú gègé, mo sì kọ "very rich". Wọ́n kọ "healthy", mo kọ "very healthy". Wọ́n kọ "safe", mo kọ "very safe". Nígbà tí mo dé orí "alive", mo kọ "very very alive", mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí kó lè dájú.

Ìyàwó bí ọmọbìnrin ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tìyá tọmọ sì wà ní àlàáfíà. Nígbà tí ìròyìn dé, gbogbo agboolé hó yèè. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo bá wọn bí ọmọ náà.

Ọjọ́ kẹfà ni Mísì ka èsì. Wọ́n pe orúkọ àwọn tó yege títí ó fi tán, kò kan tèmi. Wọ́n pè mí jáde, wọ́n gbé ìwé mi sókè, yíǹkì pupa kún inú rẹ̀. Wọ́n ka "very very alive" sétí gbogbo kíláàsì, ẹ̀rín sì gbé Làtífù ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Mísì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ẹ̀sín ni mo fi wọ́n ṣe, ó sì dùn wọ́n, èmi tí wọ́n gbójú lé. Wọ́n béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dákẹ́. N kò lè ṣàlàyé láìpe àwọn ọ̀rọ̀ náà, Ìyá Àgbà sì ti fi ogójì ọjọ́ kún òfin wọn nítorí jòjòló. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè títí agogo fi lù. Wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì mi pé kí n tún kíláàsì kẹrin kà.

Bàbá mi kò lè ka Òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí yíǹkì pupa ń wí. Wọ́n ní kí n ka ohun tó wà nínú káàdì, mo kà á bó ṣe wà. Wọ́n yí ẹ̀rọ wọn díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Bí a bá ti kọ́mọ tán, n ó mú ọ lọ sí Òkè-Àdó." Wọn kò lù mí. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n lù mí.

Mo lọ sí kọ̀rọ̀ àgbàlá, níbi tí a ń kó ewé gbígbẹ sí, mo sì sunkún bí ẹni pé ọ̀la kò sí mọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti bá mi. Wọ́n ní kí n wí i, mo wí gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ti béèrè ibi, bí mo ti fi ire dáhùn, àti ohun tí bàbá mi sọ. Mo rò pé wọn ó yìn mí. Wọ́n kàn ní kí n lọ bọ́jú, wọ́n sì wọ yàrá lọ mú ìborùn.

Ọdún mélòó kan ti kọjá tí Ìyá Àgbà kò gun òkè Mápó, nítorí orúnkún wọn. A gùn ún lọ́sàn-án yẹn, ọwọ́ wọn léjìká mi, a sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ilé ìwé, a bá Mísì nínú kíláàsì, wọ́n ń to ìwé. Bí wọ́n ti rí arúgbó, wọ́n kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n sì yára gbé àga. Ìyá Àgbà kò jókòó.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní ọmọ mi kọ ìdánwò kan tí kò dára. Kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Èmi ni."

Mísì wò mí, wọ́n tún wo Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí wọ́n má bínú, kò yé àwọn.

"Ìyàwó ilé wa ń rọbí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo so ẹnu ọmọ yìí, mo ní kó má pe ibi. Ó mọ ìwé yín. Tèmi ló gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan kúnlẹ̀, ẹ fi ibi tí n ó kúnlẹ̀ sí hàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ ó bá mi di orúnkún mú."

Mísì gbé ìwé mi jáde láti àárín àwọn yòókù, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, "very" kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ni wọ́n sọ, àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ wá tó nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ìyá bàbá àwọn, tó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku, títí dòní kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé àwọn sọ pé iyọ̀ tán. Wọ́n wá béèrè bóyá àwọn lè fi ẹnu bi mí ní ìdánwò náà, níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀.

Jòjòló kò tíì ju ọmọ ọjọ́ mẹ́fà lọ. Mo mọ̀, Ìyá Àgbà náà sì mọ̀. Wọ́n yíjú sí mi.

"Àjọkẹ́, mo tú ẹnu rẹ. Ohun tí wọ́n bá bi ọ́, wí i bó ṣe wà."

Mísì ń pè é, mò ń dá a padà. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n sì mọ èyí tó burú nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, wọ́n ń fi ètè ṣe àdúà láìfọhùn. Nígbà tó ku ẹyọ kan, Mísì ní ó tó, pé àwọn ti rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bi mí pé. Mísì pe "alive". Mo wo Ìyá Àgbà, wọ́n mi orí sí mi, ọwọ́ wọn méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú. Mo sọ ọ́.

"Kò ní jẹ́ tiwa," ni Mísì wí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

"Àmín," ni Ìyá Àgbà wí, ìgbà náà ni wọ́n tó jókòó.

Mísì mú káàdì mi lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n sì mú un padà pẹ̀lú kíláàsì karùn-ún nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ gbogbo bó ṣe lọ, wọ́n pè mí sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n fa okùn ìwọnṣọ jáde, wọ́n wọ̀n mí, wọ́n sì gé yunifọ́ọ̀mù tuntun tó tún gba èèyàn méjì. Ìyá Àgbà ní tiwọn fi àdúà òru kún tọ̀sán títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ọmọ tí a bí nígbà náà ti ní ọmọọmọ báyìí, ara rẹ̀ sì le ju tèmi lọ.

Nǹkan ti yí padà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rá ni wọ́n ń pọ́n ẹ̀kọ sí nísinsìnyí. Inú fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti kọ́ ádífáàbù, àwòrán ehoro kan ló ń kọ ọ́ lórin fún un, kò sì tíì kúnlẹ̀ ka ení, èjì rí láyé rẹ̀. N kò ní ti àtijọ́ dára jù. Ẹgba ìgbà náà pọ̀ jù, mo sì mọ ọmọ tó tìtorí rẹ̀ sá kúrò nílé ìwé. Èmi náà wá di tíṣà, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi dúró níwájú pátákó. Láwọn ọdún tó kẹ́yìn iṣẹ́ mi, òbí kì í wá sọ́dọ̀ mi bí kò ṣe láti jà. Èyí wá bú mi, èyí wá halẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń wí pé ọmọ àwọn kò ṣẹ̀. Mo máa ń dá wọn lẹ́bi.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé iṣẹ́ ilé ìwé wá bá mi, mo bá a ṣe é, mo sì ṣì í ṣe. Wọ́n fi pupa sí i, wọ́n bá a wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sunkún wálé. Mo tẹ̀lé e lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Láti inú ọkọ̀ ni mo ti to ẹjọ́ mi: àwọn tíṣà ìsinsìnyí, àwọn ìwé ìsinsìnyí. Tíṣà rẹ̀, ọmọdébìnrin kan, ló jáde sí mi, kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń pè mí ní mọ̀mí. Ọmọ ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ẹnu mi. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ jáde pé kì í ṣe ọmọ náà ló ṣe é, èmi ni. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń rò pé ó rọrùn fún Ìyá Àgbà láti sọ.